Kíráńkì Tí Bàbá Mi Ń Dúró Dè

Títí dòní, tí mo bá rí ẹni tó gbé ṣájà fóònù dání tó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ojú mi a pọ́n. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó pè mí ní ahun.

Bàbá mi ní ilé ẹ̀rọ ìlọta ní Sekona nígbà kan. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan ló ń yí ẹ̀rọ náà, ariwo rẹ̀ ló sì ba etí wọn jẹ́. Ti ọ̀tún di, ti òsì náà ń di lọ. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ti di àlòkù irin, síbẹ̀ wọn ò yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìró rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí tó kù yìí tó di."

Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ irin ni mo ń ṣe l'Ẹ́dẹ. Mo ní léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin bírí tí ọ̀bẹ rẹ̀ á máa fá a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ṣeé gbé ka tábìlì, tó jọ ti Sekona. Ó wá ku kíráńkì, irin inú rẹ̀ tí písítìn máa ń tì tó fi ń yí. Inú irin kan ṣoṣo ni mo ti ń gbẹ́ ẹ jáde, díẹ̀díẹ̀, torí ó máa tẹ̀ tí èèyàn bá fipá mú un.

Ó kù díẹ̀ kó parí ni iná lọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni tèmi, súìṣì ara ògiri ló ń tan án, òun náà ló ń pa á. Mo pa súìṣì, ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ̀bẹ kúrò lára irin, kí ìwọ̀n tí mo ti mú má bàa bọ́. Mo sọdá sí mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù, mo lọ kírun alásárì.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá gba iná sí fóònù. Wọn ò mọ súìṣì tó jẹ́ ti ibi tí wọ́n ki ṣájà bọ̀, ni wọ́n bá tẹ gbogbo wọn pátá, kí iná lè wọ fóònù nígbàkúùgbà tó bá dé. Bí gbogbo ìlú ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n bá tiwọn lọ.

A ṣì wà lórí ìrun nígbà táwọn èèyàn pariwo pé, "Wọ́n ti mú iná dé o!" Igbe irin ló tẹ̀ lé e. Mo ń gbọ́ ọ láti orí ìlà, mi ò sì lè já ìrun. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ọ̀bẹ ti jẹ wọnú kíráńkì, ó ti lọ́ ọ wọ́kọwọ̀kọ. Fóònù jókòó sójú wíńdò, ó ń gba iná lọ ní tiẹ̀.

Mo lọ bá wọn nílé, mo pariwo. "Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan ògiri mi?"

"Èmi lò ń jágbe mọ́? Torí irin lásán? Ṣé irin ti tán l'Ẹ́dẹ ni?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹbí ti pé jọ, èmi sì ni wọ́n dẹ́bi fún. Bàbá mi fúnra wọn, tí mo torí wọn bínú, ló sọ pé, "Dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó pọ̀n mí lo lọ bú yẹn." Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ẹnu lásán ni mo fi tọrọ àforíjì náà, mi ò sì tíì tọrọ rẹ̀ látọkàn wá títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo wá irin mìíràn, mo tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iná ń lọ, ó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, oṣù sì ń gorí oṣù.

Ọjọ́ tó parí, mo gbé àga fún bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n wọn náà wá. Mo bu bẹntiróòlù sí i, mo yí i, ó gbà, ó sì ń dún kíkankíkan débi táwọn ará ìsọ̀ kejì fi yọjú.

Bàbá mi na etí òsì sí i. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi.

"Mo rí i pé ó ń yí," ni wọ́n wí. "Ìgbà wo ló máa wá dún?"

Ẹ̀gbọ́n wọn gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ó mà ń dún dáadáa o."