Súfèé Tí Mi Ò Dá Lóhùn

Ẹ wá gbọ́ ohun tí súfèé fojú mi rí ní Sàngó! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ ni mò ń tà fáwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ kan. Jàmíù, sẹ́kúríítì ibẹ̀, ní fèrè lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Fèrè bàjẹ́, ọ̀gá ò ra òmíràn. Ló bá sọ ètè ara rẹ̀ di fèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó súfèé sí mi pé kí n sún tábìlì mi kúrò lọ́nà. Èmi? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin? Mo ní, "Jàmíù, ajá la máa ń súfèé pè. Ọmọ ọwọ́ la sì máa ń súfèé fún kó lè tọ̀. Èwo ni mo jẹ́ níbẹ̀?"

Ó ní àìmọ̀wé ló ń dà mí láàmú. Pé "whistle" làwọn òyìnbó ń pè é, pé láyé àtijọ́ ni wọ́n ti fi ìró afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín ètè jáde sọ ọ́ lórúkọ. Pé ti ẹnu ni whistle, èyí tó wà lọ́rùn rẹfirí ni whistle, ẹni tó bá tú àṣírí olè fún ìjọba náà, whistle ló fọn.

Háà! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ mẹ́ta, owó oṣù kan! Bíi Jàmíù fúnra rẹ̀.

Mo ní kó gbé òyìnbó rẹ̀ lọ sílé, pé láti òní lọ, mi ò ní dá súfèé lóhùn. Òun náà ní òun ò ní pariwo orúkọ mi mọ́, pé ọ̀fun òun kì í ṣe ti iléeṣẹ́.

Lọ́sàn-án, mo kẹ̀yìn sí géètì, èmi àti oníbàárà kan ń ná ìbọ̀wọ́. Mo gbọ́ súfèé. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún súfèé, ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Mo ní, "Ajá ò sí ńbí o!"

Oníbàárà mi ló fà mí lápá! Tírélà ló ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Kó tó dúró, ó ti gun tábìlì mi, bàtà òjò ti di pẹlẹbẹ.

Mo figbe ta: "Jàmíù! O rí i pé tírélà fẹ́ pa mí, o ò lè pè mí ni?"

Ó ní, "Àlájà, mo whistle!"

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀mí fẹ́ bọ́ sábẹ́ táyà, ọkùnrin ṣì ń pa òfin ètè mọ́! Èmi tí mo lọ́gbọ́n jù ú lọ, mo kọ etí ikún sí súfèé. Ta ló gọ̀ jù nínú wa? Àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀mì ni.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: bí ìkìlọ̀ bá tilẹ̀ jọ èébú, kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná. Mo ṣì máa bú Jàmíù dáadáa, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́nà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti súfèé pè yín rí, kí lẹ fi dá a lóhùn? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n má baà dá jẹ yẹ̀yẹ́ yìí.