Géèmù Tí Kò Nílò Etí

Ìyá Ìbejì kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà. Ẹni tó bá lè wakọ̀ láàárọ̀ lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọ ń kọrin, ń jà, ń pe ara wọn lórúkọ ẹran lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì fi bọ́ọ̀sì kọ lu ògiri, ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọkàn lásán. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àwọn ìbejì wọ yunifásítì, tó wá ku òun àti ọkọ rẹ̀ nílé, ìdákẹ́jẹ́ kan wọlé tọ̀ wọ́n, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń já a láyà ju ariwo ọmọ lọ.

Jórinjórin ni ọkọ rẹ̀. Géètì, fèrèsé onírin, àtẹ̀gùn, kò sí èyí tí kì í jó. Aláwàdà sì ni tẹ́lẹ̀. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ti oníbàárà kan tó ní òun fẹ́ géètì tí olè ò ní lè fò, tó tún wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ má gbé e ga jù, torí òun oníbàárà alára máa ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Ìyá Ìbejì á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn ún.

Nísinsìnyí, bó bá wọlé, á kí i, á jẹun, á gbé fóònù, á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó parí. Bí ìyàwó bá sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná, kò ní dáhùn. Bó bá wá sí tòsí tó tún un sọ, á ní, "Hẹ̀n?" Bó bá wá gbé ohùn sókè, ojú ọkọ á le.

"Ṣé ìjà ni? Kí lo ń jágbe mọ́ mi sí?"

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ inú ara rẹ̀ wò. Kí ni mo ṣe? Àbí ó ti rí ẹlòmíì? Inú ń fu ú, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Lọ́jọ́ kan tó ń gbé tíì kọjá lẹ́yìn àga, ó yọjú wo fóònù náà. Kò rí obìnrin kankan níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó mú idà lọ́wọ́ ló rí, wọ́n ń sáré nínú igbó. Géèmù ni. Ara tù ú díẹ̀, àyà rẹ̀ sì tún já: ọkọ tí kò rí ọ̀rọ̀ bá ìyàwó sọ, tó wá ń bá àwọn tí kò mọ̀ rí jagun.

Ó pe èyí obìnrin nínú àwọn ìbejì.

Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ bá wọn gbá a. Irú géèmù yẹn pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àìmọye èèyàn ló máa ń jọ wà nínú ẹ̀, oníkálukú á yan ẹni tó bá wù ú láti jẹ́. Tọkọtaya ń jọ gbá a dáadáa. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ yan o. Èyí tí kò bá bá yín lára mu, ìjà ló máa dá sílẹ̀."

Ní ọ̀sán Sátidé, Ìyá Ìbejì gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ ti ọkọ.

"Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ ká jọ máa gbá géèmù."

"Hẹ̀n?"

"Géèmù. Èmi àti ẹ̀yin."

Ó kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí òrùlé. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn. Ó gba fóònù ìyàwó, ó fi géèmù tirẹ̀ sórí ẹ̀. Ìyá Ìbejì yan tafàtafà, torí ó rò pé ẹni tó ń ta ọfà máa ń jìnnà sí ìjà. Àwakọ̀ tó ń gbé bọ́ọ̀sì wọ ibi tóóró, kò wá lè gbé tafàtafà kan ṣoṣo gba ẹnu ọ̀nà ilé. Ògiri ló ń kọ lù. Ọkọ fi í ṣẹ̀fẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n darapọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń jà nínú géèmù yẹn, ẹnu ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì fi íàpíìsì sétí. Olórí ẹgbẹ́ ní kí gbogbo èèyàn yà sí apá òsì. Bàbá Ìbejì yà sí ọ̀tún. Olórí ní kí wọ́n padà sẹ́yìn. Bàbá Ìbejì lọ síwájú tìdàtìdà, bí akọ màlúù. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi kú.

Ohùn bá ń já lu ohùn nínú íàpíìsì. "Ta ló tún mú dìndìnrìn yìí wá?" Ẹlòmíì ní, "Adití ni. Mo ti sọ fún yín pé ká lé e, ẹ ò gbà." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbejì gbójú sókè. Íàpíìsì wà létí ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"A gbìyànjú, àbí?" ló wí.

Àfi bí ẹni da omi tútù sí i lẹ́yìn. Gbogbo "Hẹ̀n?" tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, ojú kan náà ni gbogbo wọn já sí. Kò kórìíra òun. Kò ní obìnrin níta. Etí rẹ̀ ló ń lọ. Ó yẹ kí ìyẹn fún un ní ìsinmi, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ojú ń yí mi," ló parọ́. "Ẹ jẹ́ ká wá òmíì."

Ìdí tó fi parọ́ ni bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá yẹn dití kó tó kú. Nígbà tó yá, ó rẹ àwọn ará ilé láti máa pariwo, wọ́n bá dákẹ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n á lọ. Bàbá Ìbejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀: "Wọ́n gbé bàbá mi sí kọ̀rọ̀ bí àga tó ṣẹ́." Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kojú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kó ní ohun tó ṣe bàbá rẹ ti dé bá ọ?

Ọ̀rọ̀ géèmù yíyàn wá kúrò ní eré lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Bó bá ti gúnlẹ̀ síwájú iléèwé, tó ń retí kí àwọn ọmọ jáde, fóònù ló ń tẹ̀, ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa géèmù kan sí èkejì. Kò wo bó ṣe dára sí, kò wo bó ṣe gbajúmọ̀ sí. Ohun kan ló ń wá: ṣé ó dìgbà téèyàn bá fi ẹnu sọ̀rọ̀ kó tó lè gbá a?

Èyí tó kọ́kọ́ rí, wọn kì í fẹnu sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó mú un wálé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbẹ̀ ni pé àwọn ẹranko inú géèmù náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wá, wọ́n á sì bú ramúramù kí wọ́n tó bu èèyàn jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ á sá. Wọ́n pa Bàbá Ìbejì, ó jí, wọ́n tún pa á.

"Géèmù burúkú. Kò tiẹ̀ kìlọ̀ fún èèyàn," ló ń ráhùn.

Ìyá Ìbejì ń gbọ́ gbogbo ìkìlọ̀. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀: bí ẹranko bá ti bú, á fọwọ́ kan apá ọkọ, ọkọ á sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn gbà á là, ó tún gbà á là. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà gbé fóònù sílẹ̀.

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ kó tó dé?"

"Mo kàn ń fura ni."

"O ń fura."

Ó wò ó títí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ìyá Ìbejì kò sì mọ ibi tí yóò gbé ojú tirẹ̀ sí. Ọkọ dìde, ó wọ bàtà, ó jáde síta. 

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni akunkọ̀, ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ nínú ọgbà kan náà tí jórinjórin ti ń ṣiṣẹ́, rí Ìyá Ìbejì nílé epo. Ó wá bá a lẹ́bàá fèrèsé bọ́ọ̀sì.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ o. Lánàá, ìpẹ́pẹ́ iná fò bọ́ sórí àkísà tó wà lẹ́yìn wọn, ó gbiná. A pariwo títí ọ̀fun wa fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Wọn ò yíjú. Èmi ni mo sáré fa àkísà náà kúrò. Wọ́n wá ń bínú pé mò ń ṣeré lẹ́yìn àwọn."

Ìyá Ìbejì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.  Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ bá ti pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, iná ló ń rí. Bó bá sì pè é lórí fóònù, kò ní gbé e, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀ bóyá kò gbọ́ ni tàbí ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀.

Géèmù kẹta, ó kọ́kọ́ dá a gbá fúnra rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó pa ohùn fóònù pátápátá kó lè mọ bó ṣe máa rí fún ẹni tí kò gbọ́ràn. Ìlú kékeré kan létí omi ni. Kò sí ogun níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń pẹja, wọ́n ń gbin nǹkan, wọ́n ń kẹ́rù láti abúlé dé abúlé. Ohun téèyàn bá fẹ́ sọ, á tẹ̀ ẹ́, á sì hàn lókè orí rẹ̀. Bí ohun kan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, iná ló ń tàn lójú fóònù. Ó wá etí títí, kò rí ibi tí wọ́n ti nílò ẹ̀.

Ọkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà. "Àwọn méjì tá a ti gbá ńkọ́, ibo ni wọ́n gbé wa dé?" Ìyàwó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí géèmù ní kó yan iṣẹ́, tó rí alágbẹ̀dẹ níbẹ̀, ó yínmú.

"Kí n jórin láti àárọ̀, kí n tún wá rọ irin lójú fóònù? Mi ò ṣe." Apẹja ló yàn. Ìyàwó yan ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kẹ́rù.

Ọ̀kan jókòó sí ìpẹ̀kun yàrá kan, èkejì sí ìpẹ̀kun kejì, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Ìyá Ìbejì wa kẹ̀kẹ́ lọ sétí omi, ó dúró ti apẹja. Ọ̀rọ̀ ẹja àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Nígbà tó yá, apẹja kọ ọ́ pé ẹja tí òun mú kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó fún ẹja náà lóúnjẹ. Ìyá Ìbejì ka èyí, omi sì lé ròrò sí i lójú, torí ẹnu ọkọ rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ mìíràn yọ lókè orí apẹja.

"Ọjọ́ géèmù àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n bú mi, àbí?"

Ó gbójú sókè. Ọkọ kò gbójú sókè ní tirẹ̀. Fóònù ló tẹjú mọ́.  Ìyá Ìbejì tẹ "rárá", ó pa á rẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló kọ.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ìyàwó kọ ọ́: "Wọ́n ní adití ni yín."

Apẹja dúró. Okùn ìwọ̀ rẹ̀ ń mì, ẹja ti gbé e mì, kò fà á.

"Wọn ò parọ́," ló kọ nígbẹ̀yìn. "Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn. Etí òsì ti lọ, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Mo rò pé bí mi ò bá sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀." Ó tún kọ: "Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi sí kọ̀rọ̀ bíi bàbá mi."

"Ta ni wọ́n?" ni Ìyá Ìbejì kọ padà. "Ṣebí èmi nìkan ló wà nílé."

Ó fi fóònù sílẹ̀, ó la yàrá kọjá, ó jókòó sí apá ọ̀tún ọkọ rẹ̀.  Ọkọ di ọwọ́ rẹ̀ mú le koko, bí ọmọ tó fẹ́ sọdá títì.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi Bàbá Ìbejì sínú yàrá kékeré kan tó ní gíláàsì. Wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn. Ìyá Ìbejì ń wò ó láti ìta. Ó ń rí ọwọ́ dókítà tó ń yí nǹkan, ó ń rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó dúró lórí bọ́tìnì láìtẹ̀ ẹ́. Kò sí ọ̀nà kankan tó wa bọ́ọ̀sì gbà rí tó gùn tó ìjókòó yẹn.

Dókítà etí jẹ́ obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní ohun tó ti lọ ní etí òsì kò ní padà mọ́. Ti ọ̀tún ṣì ṣeé dá dúró bí ọ̀gá bá ń bo etí lẹ́nu iṣẹ́. Ó fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Ìbejì ní àwo tí ìyàwó òun ń fọ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya páànù lórí òun. Ó yọ ọ́. Wọ́n jà sí i. Ó tún fi sétí. Títí di òní, bákan náà ni: lónìí á fi sí i, lọ́la á wà nínú àpótí rẹ̀. "Hẹ̀n?" kò tíì tán nílé náà, ṣùgbọ́n ìyàwó mọ̀ pé òun lè tún un sọ láìjà.

Ẹ̀rù náà kò tíì tán. Bó bá ti gúnlẹ̀ síwájú iléèwé lọ́sàn-án, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ ọkọ, á wá máa retí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì kò dé. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó wọ inú géèmù, ó wa kẹ̀kẹ́ lọ sétí omi: kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó ti ń wá nọ́ńbà akunkọ̀ nígbà tí fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mò ń jẹun. Akunkọ̀ ń fi ọwọ́ júwe gbogbo nǹkan fún mi báyìí, ó ti sọ ọ́ di ijó. Àwọn oníbàárà ń dúró wò ó."

Ó mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń rọ́ wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń sunkún pé wọ́n gba ìjókòó òun. Ó ti fóònù bọ àpò, ó yíjú sẹ́yìn láti bá wọn parí ìjà.