Orin Tí Mo Di Etí Mi Sí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju ẹnu odó ìyá mi lọ, ohùn odó yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti ń sún mọ́lé. Bí mo bá ti yà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé wa ní Houinmè, tàpò tàpò lọ́rùn, tebi tebi nínú, màá dúró, màá tẹ́tí. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń gúnyán, ṣùgbọ́n ìyá tèmi nìkan ló ń fi ọwọ́ òsì gún un. Ìyá mi á gún un lẹ́ẹ̀mejì sí àárín, wọ́n á wá fi ọmọ odó kan etí odó lẹ́ẹ̀kan, kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lè já bọ́. Gbì, gbì, kò. Gbì, gbì, kò. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, "hẹ̀n!", bí ẹni tó ń bá odó jà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Àjàṣẹ́ nígbà yẹn, mo mọ̀ pé ẹ ò ní pè mí ní òpùrọ́. A mọ odó ìyá wa bí a ṣe mọ ohùn wọn.

Aránṣọ ni bàbá mi lọ́jọ́ iṣẹ́. Tó bá di Sátidé, wọ́n á wọ aṣọ funfun oníbọ́tìnì wúrà, wọ́n á gbé tòròmbónù wọn, fèrè idẹ gígùn tí wọ́n ń fà síwájú tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, wọ́n á bá fanfáà lọ. Fanfáà ni à ń pe ẹgbẹ́ onífèrè tó ń ṣáájú òkú lọ sí ibojì. Bí fanfáà bàbá mi bá ń kọjá, ẹni tí ò mọ òkú rí pàápàá á máa nu ojú. Èmi ò ráyè ẹkún ní tèmi. Mò ń nàka sí wọn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi: "Bàbá mi nìyẹn, èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bí àkàrà yẹn!"

Tíṣà kan wà ní àdúgbò wa tí à ń pè ní Músíyè. Láàárọ̀, wọ́n á kọ́ wa ní Faransé, ẹni tó bá sì sọ Nàgó, Yorùbá tiwa, nínú kíláàsì, ẹgba ni. Lọ́sàn-án, Músíyè yìí kan náà á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọ́n á máa ya fíìmù ní Nàgó. Ẹ má bi mí léèrè o, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Fíìmù tí wọ́n yà nígbà náà dá lórí atukọ̀ kan tó lọ sórí ọ̀sà tí kò tètè dé, àti ìyàwó rẹ̀ tó ń dúró dè é. Fíìmù Ọ̀sà la sọ ọ́ lórúkọ. Músíyè bẹ bàbá mi pé kí àwọn àti onífèrè mẹ́rin wá bá wọn fi orin sí i, àgbàlá wa ni wọ́n sì ti gba orin náà sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, ìyá mi ń gúnyán lẹ́yìn ilé ìdáná. Músíyè ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sinmi ọmọ odó ná. Ìyá mi ní, "Músíyè, ṣé orin yín ni àwọn ọmọ yìí máa jẹ?" Wọn ò dúró. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá ní kí àwọn onífèrè kúkú máa tẹ̀lé odó. Bí odó ìyá mi ṣe wọ fíìmù nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń wò ó nílé Ìyá Ṣíkírá, alákàrà, nítorí àwọn nìkan ló ní tẹlifísọ̀n àti ẹ̀rọ tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì ní gbogbo òpópónà wa. Ẹ̀gbọ́n Múfútáù, tó ń tún ọ̀kadà àwọn oní-zémìjàn ṣe, á jókòó sórí táyà. Àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àkàrà gbígbóná lọ́wọ́, ata á máa ta wá lẹ́nu. Kí n má parọ́, bí fíìmù yẹn ti dára tó, a ò wá torí àwòrán. Orin la wá gbọ́. A ti mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fẹnu kọ fèrè kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ti ń kúrò ní èbúté, tí tòròmbónù bàbá mi bá gbéra, Ìyá Ṣíkírá á gbé agbada kúrò lórí iná kí epo má baà pariwo. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, garawa omi mẹ́fà ni yóò pọn. Èmi ti pọn ún lẹ́ẹ̀kan, torí mo ní, "Odó ìyá mi nìyẹn!"

Mo di ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá mi kú. Àìsàn ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Fanfáà wọn ló sin wọ́n, àwọn onífèrè sì fi àyè wọn sílẹ̀ ní àárín ìlà. Ẹni kan ò rìn níbẹ̀ láti ilé wa títí dé ibojì, ẹni kan ò sì fun apá orin tó jẹ́ tiwọn. Tí orin bá dé ibẹ̀, gbogbo fèrè á dákẹ́, a ó kàn máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nínú iyanrìn. Àṣà wọn nìyẹn tí ẹni tiwọn bá lọ. Lọ́jọ́ yẹn ni mo sunkún fanfáà, mo sun ún dé ibi tí ohùn mi há.

Ìyá mi dojú odó dé lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ní àwọn ò lágbára iyán mọ́. Gàrí àti àbọ́bọ̀, ẹ̀wà sísè, la ń jẹ, èmi àti àbúrò mi ò sì gbọdọ̀ béèrè. Tí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, tí mo bá dé kọ̀rọ̀ tí mo ti máa ń gbọ́ odó, mi ò mọ̀dí tí mo ṣì fi ń dúró tẹ́tí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Músíyè ya apá kejì Fíìmù Ọ̀sà. Rẹ̀mí ló fi orin sí i. Ọmọ Houinmè ni Rẹ̀mí, bàbá mi ló kọ́ ọ ní tòròmbónù kó tó lọ sí Faransé lọ kẹ́kọ̀ọ́ orin. Ó padà dé pẹ̀lú orin tí àwọn òyìnbó bí ogójì jọ ta, gòjé ńlá, gòjé kékeré, olókùn oríṣiríṣi. Ó ku ohun díẹ̀ tí yóò fi kún un níbí, ó sì parí ìyẹn nígbà ọlidé, èmi sì wà ní Akpro-Missérété lọ́dọ̀ àǹtí mi, à ń ká àgbàdo. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé odó wa ti dìde, ó wà lábẹ́ igi ọsàn, ó mọ́ tónítóní. Mo bi ìyá mi pé ṣé a ti fẹ́ máa jẹyán ni. Wọ́n ní, "Mo fọ̀ ọ́ ni, kí ikán má baà jẹ ẹ́."

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí a wo fíìmù tuntun yẹn, orin ò tíì lọ jìnnà tí Ẹ̀gbọ́n Múfútáù fi pòṣé. "Kí lèyí? Ṣé ilé ìwòsàn la wà ni?" Ìyá Ṣíkírá ní gòjé òyìnbó ń ké bí ọmọ tí eyín ń yọ. Inú mi dùn dé ọ̀run. Èmi ti ki ìka bọ etí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo dìde, mo jáde. Lójú tèmi, ńṣe ni wọ́n lọ gbé àjèjì jókòó sórí àga bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni ò pòṣé mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ tí Ìyá Ṣíkírá ń fa imú, wọ́n ní ibi tí ọkọ̀ ti dojú dé yẹn, àfi bíi pé gòjé náà mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti gbé agbada kúrò lórí iná o! Láìpẹ́, Ẹ̀gbọ́n Múfútáù bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé orin yẹn nídìí ọ̀kadà. Mo kọjá, mi ò kí wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, orin ò ṣẹ̀ ẹ́." Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí orin yẹn ń wọ̀ lára, ńṣe ló ń dà bíi pé wọ́n tún ń sin bàbá mi. Mo wá ń rí i tí Ìyá Ṣíkírá ń di ìyá mi lọ́wọ́ mú bí fíìmù bá parí, mo rò pé wọ́n ń tù wọ́n nínú ni.

Ó wá ku ìyá mi. Mo fọkàn tán wọn pé orin yẹn ò lè wọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ń bó iṣu, mo bá gbọ́ tí wọ́n ń kùn ún sábẹ́ ètè. Orin Rẹ̀mí! Wọ́n rí ojú mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, wá jókòó tì mí lọ́jọ́ Àìkú. O máa ń sá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Gbọ́ ọ dé òpin, nítorí tèmi."

Mo ní, "Orin tó gba ipò Bàbá, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ láé."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ṣíkírá lọ sọ́jà. Mo wọ iyàrá wọn, mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fa okùn inú rẹ̀ jáde títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, mo já a wẹ́wẹ́, mo sì fi kọ́ igi góbà. Ó ń dán nínú oòrùn, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Kò sí òmíràn ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin náà mọ ìyà ìgbà yẹn: Músíyè ní kí n kúnlẹ̀ nínú oòrùn, òkúta kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òkúta kan lọ́wọ́ òsì, mo sì ń retí pàṣán ìyá mi. Ìyá mi dé. Wọn ò wò mí. Wọ́n ń já okùn yẹn sílẹ̀ lára igi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi wé ọwọ́ bí òwú, títí wọ́n fi rí i pé kò ṣeé tún ṣe mọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sunkún. Mo rò pé ìtìjú tí mo kó bá wọn ni. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, odó wa ti tún dojú dé.

Ìyá mi ò gúnyán mọ́ títí wọ́n fi kú lọ́dún tó kọjá. A ò sì sọ̀rọ̀ orin yẹn mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Rẹ̀mí wá kí wa, irun rẹ̀ ti funfun. Ó béèrè bóyá mo ti gbọ́ orin náà rí. Mo ní rárá. Ó fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó kó okùn rẹ̀ sí mi létí. Àlejò kún ilé, ìtìjú ni ò jẹ́ kí n kọ̀. Àwọn gòjé ń ké lọ, mo ń fi ọ̀wọ̀ fara dà á. Ó kù díẹ̀ kó parí, gbogbo wọn dákẹ́. Mo rò pé fóònù ló kú.

Gbì, gbì, kò. Gbì, gbì, kò. "Hẹ̀n!"

Rẹ̀mí ń sọ̀rọ̀, mo ń rí ẹnu rẹ̀ láì gbọ́. Nígbà tí mo yọ okùn létí, ó ní, "Ọ̀gá mi, bàbá rẹ, ló yẹ kí wọ́n fun fèrè níbẹ̀. Mi ò lè fi ẹlòmíì síbẹ̀. Mo fi àyè wọn sílẹ̀, mo wá bẹ Màmá pé kí wọ́n gúnyán síbẹ̀. Wọ́n ní ká má sọ fún ẹ, wọ́n fẹ́ kí o fúnra rẹ gbọ́ ọ, kí o dá wọn mọ̀."

Mo ní, "Lẹ́yìn tí mo já a ńkọ́? Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Wọ́n bẹ gbogbo wa. Wọ́n ní tó o bá mọ ohun tó o já, o ò ní lè dárí ji ara rẹ."

Ìyá mi mọ̀ mí.

Ìgbà ti yí. Nígbà yẹn, ogún èèyàn la máa ń yí tẹlifísọ̀n kan ká, a jọ ń pòṣé, a jọ ń sunkún. Lónìí, àwọn ọmọ mi mẹ́ta lè wà nínú iyàrá kan, kí kálukú ki okùn bọ etí, kí ẹnì kan má mọ ohun tí èkejì ń gbọ́. Ìyẹ̀fun ni mo ń rò ní Kútọnu tí mo ń gbé báyìí, mo ń pè é ní iyán, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè dúró ní kọ̀rọ̀ kó mọ̀ pé ilé mi ni ó ń bọ̀.

Mo gbé odó yẹn wá sílé mi. Mi ò tíì gún nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kó dìde dúró. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màá jókòó tì í, màá fi orin Rẹ̀mí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ dé òpin, Màmá.