Iye Àwọn Ọmọ Ológbò Wa

Irun ọmọ mi ni mo ń dì ní àárọ̀ Sátidé tí lẹ́tà kánsù dé. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọdún méje, ó ń ráhùn pé mò ń fa òun lórí jù. Bí mo ṣe rí òǹtẹ̀ ìlú kékeré wa, tó wà lápá gúúsù Chicago, lára àpò ìwé náà, mo fi irun sílẹ̀, mo ya á.

Òfin ìlú náà ni pé ẹran ọ̀sìn mẹ́ta péré ni ilé kan lè ní. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ológbò kan ṣoṣo la ní tẹ́lẹ̀, èyí tí ọmọ mi gbé wọlé láti inú yìnyín. Èmi ò fẹ́ràn ológbò rí, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó bímọ sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí wa, kí n sì tó dé láti ibi iṣẹ́, ọmọ mi ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo lọ gba fọ́ọ̀mù.

Fọ́ọ̀mù yẹn ni mo bà jẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé kánsù ní ká kọ iye ọmọ tí ológbò náà bí.

"Iye kí ni?" Màmá gbójú kúrò lára tẹ̀sùbáà wọn. "Ìyàwó, o fẹ́ ka ọmọ tí ò tíì lajú?"

"Màmá, ọmọ ológbò ni."

"Ṣé ológbò kì í rọbí ni?"

Màmá ti sin ọmọ rí. Mi ò mọ mélòó, n ò sì jẹ́ béèrè. Ẹnu mi ò gbà á láti bá wọn jiyàn. Níbi tó yẹ kí n kọ iye sí, mo fi ìwé kíkọ mi tó rẹwà kọ ọ́ pé ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú àánú Ọlọ́run.

Ó lé lóṣù kan kí èsì tó dé, òun náà ni lẹ́tà àárọ̀ Sátidé yẹn. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù mi ò pé, wolé-wolé ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá kà wọ́n fúnra rẹ̀. Márùn-ún ni ìwé àṣẹ lè gbà, àtìyá àtọmọ. Tá a bá fi ìkankan pa mọ́, wọ́n lè kó gbogbo wọn lọ.

Ọmọ mi ka lẹ́tà náà láti abẹ́ apá mi. Ó dìde pẹ̀lú irun tí mo ti dì dé ìdajì, ó lọ jókòó ti agbọ̀n náà, kò sì jẹ́ kí n parí irun ọ̀hún.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá ti fi ìborùn wọn bo agbọ̀n náà kí wolé-wolé náà tó nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Sọ fún un kó má nàka sí wọn o."

Ọkùnrin náà béèrè pé mélòó ni wọ́n. Mo lanu. Mo wo Màmá. Ọmọ mi ló ṣí ìborùn kúrò.

"Èyí ni Bọ́tà," ó wí, ó gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. "Èyí ni Súgà. Mílíìkì nìyí, ó máa ń gé èèyàn jẹ. Jọ́lọ́ọ̀fù. Ẹ̀wà. Ìyá wọn ló wà lábẹ́ àga yẹn."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá mirí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. "Wolé-wolé tí wọ́n kọ́ nílé rèé."

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ìwé rẹ̀ fi ọ̀kan ju márùn-ún tí àṣẹ gbà lọ. Ó rọra sọ fún mi pé bí ọ̀kan bá ti rí ilé mìíràn kí oṣù tó parí, òun á buwọ́ lu ti àwọn yòókù.

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló yan Ẹ̀wà, torí òun nìkan ni kì í bẹ̀rù àlejò. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé ní Rogers Park, lápá àríwá Chicago, la gbé e lọ. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, a wọ̀ ọ́ bọ̀.

Nígbà tá a délé, ìyá ológbò náà ń yí agbọ̀n po, ó ń ké.

"Mọ́mì, ṣé ó mọ̀ ni?"

Ó ṣe mí bíi pé kí n purọ́. Mo fà á mọ́ra.

"Ó mọ̀," mo sọ fún un. "Á wá a lónìí, bóyá lọ́la náà. Mi ò lè dá a dúró. Ṣáà lọ jókòó tì í, má sì sọ fún un pé kó dákẹ́."