Odò Tó Wà Láàárín Selwyn àti Ọjọ́ Ajé

Selwyn Pask ṣiṣẹ́ nílé ìlagi nílùú Hokitika fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìka méjì ti kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Kò mọ odò wẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ odò là kọjá jù ú lọ. Òun ló kọ́ mi: ẹni méjì á di okùn àpò ẹ̀yìn ara wọn mú, èyí tó lágbára jù á wà lápá òkè odò, wọn á jọ gbé ẹsẹ̀. Bí omi bá pọ̀, ẹnì kan kì í dá a ṣe. Òun náà ló máa ń kìlọ̀ fáwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ igbó lópin ọ̀sẹ̀ pé, "Ẹ má jẹ́ kí odò wà láàárín ẹ̀yin àti ọjọ́ Ajé."

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Merle ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kókó kan wà níkùn rẹ̀. Selwyn ṣèlérí pé òun á wà ní ọsibítù kí wọ́n tó tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Láti Ọjọ́rú ni kò ti lè jókòó. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Merle pè mí.

"Vern, jọ̀ọ́, mú ọkọ mi wọ igbó lọ. Ó ti tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì bàjẹ́."

A rin wákàtí márùn-ún. Odò Waitoro ò ju orúnkún lọ nígbà tá a là á kọjá. Ahéré wà lódìkejì. A fẹ́ sùn níbẹ̀ ká padà lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òjò ń lu páànù débi pé mi ò gbọ́ ohun tí Selwyn ń sọ. Odò ti dà bíi tíì oní mílíìkì. À ń gbọ́ òkúta tó ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Á fà," ni mo wí.

"Tó bá dọ̀sán."

Ọ̀sán dé, kò fà. Selwyn fi òkúta sàmì sétí omi. Láàárín ìdajì wákàtí omi bò ó. Ó sàmì míì. Ahéré yẹn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó la igi ìdáná tó tó ẹni mẹ́wàá.

"Sinmi, ọ̀rẹ́. Ahéré ò ní sá lọ."

"Èmi ni mo fẹ́ sá lọ."

Ní aago mẹ́rin ó gbé àpò rẹ̀ kọ́. "Ó yá, Vern. Mú okùn mi."

"Rárá."

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí."

"Ojo! Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́ lo ti ń ṣojo."

"Ojo ni mí. Mi ò ní lọ bá Merle kí n sọ pé omi gbé ẹ lọ."

"Tó bá kú lórí tábìlì ńkọ́? Tí mi ò sí níbẹ̀?"

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

Ó dá wọ omi. Ní ìṣísẹ̀ kẹta omi dé itan rẹ̀, ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ ṣẹ́, ó ṣubú. Ó di gbòǹgbò kan mú, ó fi fa ara rẹ̀ jáde. Ó jókòó sórí òkúta. Kantíkantí bò ó, kò lé wọn.

Nínú ìwé ahéré, níbi tí àlejò kọ̀ọ̀kan ti ń kọ orúkọ àti ọ̀nà tó ń gbà lọ, ó kọ ọ́ pé: "Selwyn Pask. Odò kún. Ẹnìkejì mi kọ̀." Mo kọ orúkọ tèmi sábẹ́ rẹ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé, àkókò tí wọ́n á ti Merle wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó dúró létí odò, ó ṣí fìlà. Ìgbà tó dọ̀sán ni omi tó fà dé ìbàdí. Ó na okùn sí mi láìwò mí. A jọ gbé ẹsẹ̀.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ la dé ọsibítù, ẹrẹ̀ dé itan wa. Merle la ojú.

"Ẹ̀yin wèrè méjì yìí."

"Omi ni," ni Selwyn wí.

"Mo gbọ́ òjò náà. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Kó o má lọ wọ odò yẹn ni mò ń gbàdúrà fún. Ṣé o wọ̀ ọ́?"

Selwyn wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Mo wọ̀ ọ́."

Merle yíjú sógiri. "Jáde," ló wí. "Vern, ìwọ dúró."

Selwyn jáde. Mo jókòó sórí àga tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀.