Ọ̀jẹ̀túndé àti Ohun tí Ẹja Òkun Tútù Ń Jẹ

Ohun tí gbogbo Òmù-Àrán fi ń rántí olóògbé Ọ̀jẹ̀túndé ni ọjọ́ tó fa ọ̀bẹ yọ sí ẹja yíyan lọ́jà. Ó ra èyí tó tóbi jù lọ́wọ́ Kolo, ọmọ Nupe tó ń ru ẹja odò Ọya wá láti Ṣàrẹ́, ó sì là á nínú lójú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ikùn òfìfo. Ẹja Kolo ò rí nǹkan jẹ."

"Bàbá," Kolo fèsì, "a ti kó ìfun rẹ̀ kí a tó yan án."

"Ẹja tó bá yó ò ní gbà fún yín."

Owú ni. Ogun Jálumi ló lé Ọ̀jẹ̀túndé dé etíkun, tó fi bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ dé òkun kan tí omi rẹ̀ ń dì bí òkúta. Níbẹ̀ ló ti rí ẹja kan tó ní ẹyọ irùngbọ̀n kan, tó fi ń tọ́ ilẹ̀ òkun wò kiri. Akàn ni o, edé ni o, ó ń gbé e mì lódindi. Bí ebi bá pa á, a máa gbé ọmọ ara rẹ̀ mì. Wọ́n bá bàtà nínú ọ̀kan rí. Nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé padà sílé, ọdún mẹ́fà ni ará Òmù fi ń gbọ́ ìtàn yìí, kí Kolo tó gbé ẹja àrọ̀ onírùngbọ̀n mẹ́jọ dé, tí gbogbo wọn sì ṣí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀, Àmọ̀pé, yin ẹja Kolo, Ọ̀jẹ̀túndé kọ oúnjẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ṣàlàyé: "Ẹja òkun tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun tó bá fẹ́ yé ẹyin."

Àmọ̀pé gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin náà ti fẹ́ yé ni?"

Ó jẹun.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Kolo wá kí i. Ọ̀jẹ̀túndé kọjú sí ògiri.

"Bàbá, èmi gan-an ló ń jowú yín," Kolo sọ. "Etí odò ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n tí mo bá dé Ṣàrẹ́, ìtàn ẹja yín ni wọ́n ń ní kí n sọ."

Ọ̀jẹ̀túndé yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Ṣé o ń sọ ti bàtà?"

"Mò ń sọ ọ́."

"Ti ẹsẹ̀ òsì ni. Má gbàgbé."

Nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé kú, ọjọ́ ọjà ni ìsìnkú rẹ̀ bọ́ sí. Kolo ò tú ẹrù. Oníbàárà kan ní kó sọ ti ẹja òkun tútù fún òun.

"Èmi ò rí i rí," Kolo dáhùn. "Ẹni tó rí i la fẹ́ lọ sin." Ó sì tẹ̀ lé Àmọ̀pé lọ síbi ìsìnkú.