Apá Òkun, Apá Ilẹ̀

Ìyá ọkọ mi lẹni àkọ́kọ́ tó sọ mí di òmùgọ̀. Kì í ṣe orogún, kì í ṣe ọ̀tá ìta. Ìyá ọkọ mi ni, obìnrin Ìlàjẹ kan tí kò ka ìwé kankan, tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́ta nítorí pé mi ò mọ ibi tí òkun wà.

Mo rántí òórùn edé gbígbẹ tó pàdé mi lọ́nà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé rẹ̀. Okere, láàárín ìgboro, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní jọ́gíráfì kí n tó lọ́kọ. Láti Ogbe-Ijoh la ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé ọkọ mi, ilé pákó tí wọ́n gbé ka orí òpó létí odò. Orí agbami lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́hùn-ún, ọjọ́ díẹ̀ nílé, nítorí náà èmi, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin la jọ ń gbé.

Nílé yẹn, kò sí ọwọ́ òsì, kò sí ọwọ́ ọ̀tún. Apá òkun tàbí apá ilẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà. Kì í ṣe ọkọ̀ àti àwọ̀n nìkan o. Iyọ̀ wà lápá òkun ata. Ẹni tó bá gba gbogbo bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní kó sún sápá ilẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ̀bà bá lẹ̀ mọ́ ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní kó nu apá òkun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ilé ìdáná wọn ò ní fèrèsé, èéfín bo gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í wo ibì kankan kí wọ́n tó sọ ọ́. Èmi á dúró, màá máa yí orí kiri, màá sì gbé ìkòkò tẹ́nikẹ́ni ò béèrè.

"Màmá, ṣé tọwọ́ òsì lẹ ń wí?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Òsì ta ni?" Ó dojú kọ mí, ó wá kẹ̀yìn sí mi. "Òsì tèmi ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ibo ló lọ?"

Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyàwó wa, Tíṣà Màápù. You sabi draw whole Africa, you no sabi where pepper dey."

Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ mi nìyẹn. Lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ àwọn tí ojú wọn ò tíì là ni, ẹni tó kàwé bíi tèmi ò sì gbọdọ̀ bá wọn fà á. Tí mo bá ti dé láti ilé-ìwé, màá wọ yàrá mi, màá tilẹ̀kùn, màá máa máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ọmọbìnrin mi ti lé díẹ̀ lọ́dún kan, ó ti ń rìn, lọ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ilé wa ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan kọjú sí òkun, èkejì kọjú sí ilẹ̀, pèpéle pákó sì wà níta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń ká aṣọ nínú ilé. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, láti orí omi ló ti rí ọmọ tó ń lọ sétí pákó, ó sì kígbe sí mi pé ọmọ wà lápá òkun, apá òkun. Mo gbọ́ ọ ketekete, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò nítumọ̀ sí mi. Mo sáré. Ilẹ̀kùn apá ilẹ̀ ni mo gbà jáde. Mo dúró lórí pèpéle tó ṣófo, mò ń pe orúkọ ọmọ mi sí ẹrẹ̀. Aládùúgbò wa obìnrin kan tó ń fọ aṣọ ló nawọ́ gán ọmọ náà láṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kan omi.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìyá ọkọ mi ti kó aṣọ ọmọ sí yàrá tirẹ̀. "Ẹni tí ò mọ ibi tí omi wà, mi ò ní fi ọmọ tì í lórí omi." Ó sọ ọ́ lójú gbogbo obìnrin tó wá wò wá, wọ́n sì ń mi orí. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ní kó bá mi gba ọmọ mi. Ó ní kí n ní sùúrù, màmá òun mọ omi. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó rí sọ nìyẹn. Mo ránṣẹ́ sí bàbá mi. Bàbá mi ní kí n máa bọ̀ nílé tí mo bá fẹ́, àmọ́ ọmọ ọkọ lọmọ, mi ò lè mú un dání.

Bẹ́ẹ̀ lọmọ mi ṣe ń sùn lórí ẹní ìyá àgbà, tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pè é ní Màmá. Èmi ló ń pè ní Àǹtí. Bí mo bá nawọ́ sí i, á kọ́kọ́ wojú ìyá àgbà ná.

Mo wá pinnu pé màá kọ́ apá òkun yìí bí ẹni ń múra ìdánwò. Mo ra kọ́ńpáàsì. Mo ya gbogbo ilé náà sórí páálí, mo fi bíírò pupa sàmì sí apá òkun, mo sì fi pamọ́ sínú Bíbélì. Ẹ wo òmùgọ̀ tó kàwé. Odò yẹn ń ṣẹ́ kọ́nà, apá òkun tiwọn sì ń bá omi ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, tí kò jìnnà rárá, ibi tí mo fi bíírò pupa sí ti di apá ilẹ̀. Mo ju páálí náà síná.

Nítorí àtirí ọmọ mi ni mo ṣe wá ń jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ṣa edé lọ́sàn-án Sátidé, torí itan ìyá àgbà lọmọ máa ń wà. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹni tó bímọ, ẹni tó lé ọkọ síta, pásítọ̀ tí ìwàásù rẹ̀ kì í tán. Apá òkun, apá ilẹ̀, ó kún inú ọ̀rọ̀ wọn. Èmi náà ń dá sí i. Mi ò mọ ìgbà tó wọ̀ mí lára. Àfi lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, tí mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mi mú ṣọ́ọ̀kì tó wà lápá òkun tábìlì. Ó wo tábìlì, ó wò mí.

"Ma, which sea?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láàárín ògiri mẹ́rin, láàárín ìlú, mo mọ ibi tí òkun wà bí mo ṣe mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyá ọkọ mi nawọ́ sí mi nínú èéfín, ó ní kí n fún òun ní ọ̀bẹ apá ilẹ̀. Mo mú un fún un láì gbórí sókè. Ó wo ọ̀bẹ náà, ó wò mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ẹní ọmọ mi àti aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kò bẹ̀ mí, kò ṣàlàyé. Ọmọ náà sunkún fún oṣù kan. Ìyá àgbà tó ń pè ní Màmá ló ń sunkún wá, kì í ṣe èmi.

Ó ti pẹ́. Ọkọ mi kú, mo fẹ̀yìn tì, mo kọ́lé sí Edjeba, ibẹ̀ sì ni ìyá ọkọ mi wá lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, torí kò sẹ́lòmíì tó máa tọ́jú rẹ̀. Ilé tí kò sódò nítòsí dàrú mọ́ ọn lójú. Á nawọ́ sí ife omi, ọwọ́ á bọ́ sófo. Ọmọ mi, tóun náà ti di ìyá ọlọ́mọ, tí ìgboro sì ti mú kó gbàgbé apá òkun, á ní, "Grandma, left. No be that side, left." Ìyá àgbà á kàn máa wò ó. Èmi nìkan ni mo lè sọ fún un pé ife wà lápá òkun. Mo máa ń jẹ́ kó wá a díẹ̀ ná. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sú mi, mo bi í. Mo ní, Màmá, ọdún mẹ́ta lẹ fi gba ọmọ mi. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú kọ́ mi? Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, mo ti múra sílẹ̀ fún irọ́. Kò tilẹ̀ gbé ife kúrò lẹ́nu kíákíá. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó ní, "Ìyàwó, ta ló kọ́ àwa? Ọdún méjì lo ti lò nílé mi kí ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi, o ò bá wa jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan."